Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ bọ́ aṣọ lára òkúta wa

Ẹ̀yin àgbà inú ìgbìmọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé lẹ́tà ti máa pọ̀ lórí tábìlì yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan á máa bú yín, àwọn kan á máa yìn yín, tèmi ò sí nínú méjèèjì, mo kàn fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá àwọn òbí ẹ̀ sọ̀rọ̀ tí nǹkan bá ń dùn ún, tí ohùn mi bá wá lọ sókè níbì kan ẹ jọ̀ọ́ ẹ fojú fò ó.

Mo rí ìwé tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ òpó iná ẹ̀gbẹ́ òkúta náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ní àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀, wọ́n á fi kẹ́míkà àti omi alágbára ha gbogbo pẹ́ńtì ara ẹ̀ dànù títí wọ́n á fi kan òkúta gan-an, wọ́n á wá fi nǹkan kan pa á lára tí pẹ́ńtì ò ní lè lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, ẹ máa gbé kámẹ́rà sórí òpó, ẹ sì máa kan àwo ìrántí kan mọ́ iwájú ẹ̀ tí wọ́n máa kọ sí pé ohun àjogúnbá gbogbo wa ni òkúta yìí. Ọ̀rọ̀ àwo yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ fẹ́ ha ohun àjogúnbá náà dà sínú kòtò, kẹ́ ẹ tó wá kọ ọ́ síbi tó ti kúrò pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa, kí ni òkúta yẹn? Òkúta ni. Ó tóbi, ó rí págunpàgun, kò lẹ́wà. Àwọn tó ń la ọ̀nà láyé ìgbà yẹn ló yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ó dìgbà tẹ́nì kan yọ́ wá lóru tó fi pẹ́ńtì kọ orúkọ ìyàwó ẹ̀ sí i, tẹ́lòmíì kọ tiẹ̀ lé e, tẹ́lòmíì tún kọ tiẹ̀ lé ìyẹn, ìgbà yẹn la tó bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ọ̀nà fún àlejò pé tó o bá ti dé ibi òkúta kó o yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Aṣọ là ń kí ká tó kí èèyàn, ti òkúta yìí tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí tẹ́ ẹ bá bọ́ aṣọ ọrùn ẹ̀ tán, kò sí èèyàn kankan lábẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ máa kí.

Kí n sọ nǹkan kan fún yín tí mo ní nílé. Lẹ́yìn òjò ńlá ọjọ́sí, ègé pẹ́ńtì kan já bọ́ lára ẹ̀ lápá ẹ̀yìn, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó sì nípọn tó ìka ọwọ́ mi. Pẹ́ńtì nìkan o, kò sí òkúta kankan lára ẹ̀. Mo mú un délé, mo fi sáńpépà họ etí ẹ̀ kan, mo bu omi sí i, mo wá gbé e sábẹ́ iná. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò rí nǹkan. Ìlà lórí ìlà, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ ju okùn ìránṣọ lọ, funfun, pupa, búlúù, funfun míì tó ti di mílíìkì, dúdú, àwọ̀ ewé kan tó nípọn ju gbogbo wọn lọ bíi pé ẹni tó kùn ún ò mọ̀ pé pẹ́ńtì ní iye tó yẹ kéèyàn fi, dúdú, dúdú, píǹkì. Mo fi orí abẹ́rẹ́ ń kà á, mo kà á dé 74 kójú mi tó dàrú, mi ò sì tíì dé àárín. Ìlà kọ̀ọ̀kan, alẹ́ kan ni. Àwọn kan ló ní búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ ṣọ́ra kí wọ́n má tẹ agolo, wọ́n ní nǹkan kan lọ́kàn tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo èèyàn tó bá ń kọjá láàárọ̀ rí. Ní Detroit lÁmẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣe mọ́tò, láyé àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń fọwọ́ fín pẹ́ńtì sí mọ́tò, irú pẹ́ńtì báyìí máa ń gbẹ lé ara wọn lórí nínú yàrá tí wọ́n ti ń kùn wọ́n, àwọn èèyàn wá ń gé e, wọ́n ń dán an, wọ́n ń fi ṣe òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn, fordite ni wọ́n ń pè é. Ìyẹn, àwọ̀ mọ́tò lásán ni o. Tiwa lórúkọ nínú.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, torí tẹ́ ẹ bá yẹ fáìlì yín wò dáadáa ẹ máa bá orúkọ mi níbẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó kọ̀wé sí yín pé kẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà síbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa kan ló kú. Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwa márùn-ún lọ síbẹ̀ láago kan òru, a fi dúdú kun iwájú òkúta látòkè délẹ̀, a jókòó dìgbà tó gbẹ, a wá fi funfun kọ orúkọ ẹ̀, gàdàgbà. Ẹnì kan ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tanná sí wa, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, kò sẹ́ni tó sọ pé kó dúró jẹ́ẹ́. Ó ku lẹ́tà kan ni funfun tán. A bá wá inú àwọn agolo tí wọ́n jù sílẹ̀ kiri, a rí yẹ́lò díẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀kan, òun la fi parí ẹ̀. Láago mẹ́jọ àárọ̀ mo padà lọ kí n ya fọ́tò ẹ̀ fún màmá ẹ̀, píǹkì ni mo bá. Píǹkì tó ń tàn yòò, pẹ̀lú bàlúùnù, ẸKÚ ỌJỌ́ ÌBÍ, pẹ̀lú 7 ńlá kan láàárín. Inú bí mi débi pé mi ò lè rìn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ lẹ́tà yẹn sí yín, mo ní kẹ́ ẹ wá ẹni tó ṣe é, kẹ́ ẹ fìyà jẹ ẹ́. Ẹ ò dá mi lóhùn, mo sì dúpẹ́ lónìí pé ẹ ò dá mi lóhùn.

Torí mo wá ilé ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí náà kàn fúnra mi. Mo kan ilẹ̀kùn, bàbá ọmọ náà jáde sí mi, mo da gbogbo ẹ̀ lé e lórí. Ó dúró, ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní àwọn dé ibẹ̀ láago márùn-ún, ilẹ̀ ò tíì mọ́, àwọn fọwọ́ kàn án, ó ti gbẹ, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Òfin tí gbogbo wa mọ̀ náà nìyẹn, èyí tó bá ti gbẹ tí kò lẹ́ni tó dúró tì í ti di ti ayé. Ó wá bi mí pé kí lorúkọ ọ̀rẹ́ ẹ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí fúnra ẹ̀ ló mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ó kọ orúkọ náà sábẹ́ àwọn bàlúùnù ẹ̀, ó rí wọ́gọwọ̀gọ, ó sì fo lẹ́tà kan. Fọ́tò yẹn ni màmá ọ̀rẹ́ mi gbé kọ́ sí pálọ̀. Kì í ṣe tiwa.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń kíyè sí i pé tí òkúta bá ti dúdú, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kò sí ìpàdé tá a ṣe. Ẹ ò kọ ọ́ síbì kankan. Ẹ wá ronú sí i, gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe, àwọn èèyàn ti ń ṣe é fúnra wọn.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé èmi lẹni tí wọ́n ń ṣẹ̀ ṣáá, èmi náà ti ba tẹlòmíì jẹ́. Arákùnrin kan kọ ọ́ sí i pé ṣé wàá fẹ́ mi, ó lọ pe ọmọbìnrin náà kó lè wá bá a níbẹ̀, àwa sì dé láàárín ìṣẹ́jú yẹn pẹ̀lú pẹ́ńtì búlúù torí kíláàbù bọ́ọ̀lù wa borí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò tíì gbẹ tán o, a rò pé ó ti gbẹ ni, a ti kun ìdajì kí àtẹ̀jíṣẹ́ kan lórí fóònù ẹnì kan nínú wa tó jẹ́ ká mọ ohun tá a bà jẹ́. Ẹ ò bá rí bá a ṣe ń sáré. A tún un kọ, lẹ́tà wa ò jọ tiẹ̀ rárá, ọmọbìnrin náà dé bá èèyàn mẹ́fà tó ní búlúù ní gbogbo ara tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí kì í ṣe tiwọn. Ó gbà ṣá. Wọ́n ti bímọ méjì.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni nǹkan báyìí wà, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti wádìí, àmọ́ mo rò pé ibi tó dun yín lẹ wádìí mọ. Ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh, lÁmẹ́ríkà, ọgbà onígi kan ló wà níbẹ̀ látọdún 1923, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kùn ún, wọ́n ń kùn ún, títí ìwọ̀n pẹ́ńtì fi wó o lulẹ̀ lọ́dún 1993. Mo mọ̀ pé ẹnjiníà yín ti sọ èyí fún yín, torí ó wà nínú ìwé yín pé ẹ̀rù ń bà yín kí pẹ́ńtì má lọ já lu èèyàn. Kò burú, ẹ̀rù yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tó wó. Ṣé wọ́n ní ó ti parí nìyẹn? Wọ́n fi kọnkéré kọ́ òmíì síbẹ̀, kí wọ́n lè máa kùn ún lọ. Òfin ibẹ̀ ò ju bíńtín lọ, búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ nìkan, láàárín ọ̀gànjọ́ òru sí ìgbà tí oòrùn bá yọ, ẹni tó bá kùn ún tó fẹ́ kó pẹ́, kó dúró ṣọ́ ọ, tó bá ti kúrò ó ti di tẹlòmíì. Wọ́n ń sùn sínú àgọ́ níbẹ̀ nínú òtútù.

Yunifásítì Northwestern náà nìyẹn lẹ́bàá Chicago, àwọn tó máa gboyè jáde lọ́dún 1902 ló gbé òkúta tiwọn wá láti Devil's Lake ní Wisconsin, ohun tí wọ́n fi ṣe ni pé wọ́n ní kí omi mímu máa jáde lára ẹ̀. Ta ló ń rántí omi yẹn báyìí? Àwọn tó ṣọ́ ọ fún wákàtí 24 kí wọ́n tó kùn ún làwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ wọn.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kà dáadáa ni ti Cadillac Ranch ní ẹ̀gbẹ́ Amarillo, ní Texas. Ọdún 1974 ni wọ́n ri mọ́tò Cadillac mẹ́wàá mọ́lẹ̀ nínú oko, imú sísàlẹ̀, ìdí sókè, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń fín pẹ́ńtì sí wọn. Lọ́dún 2002, iléeṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan náwó sí i, wọ́n tún àwọn mọ́tò náà kùn padà sí àwọ̀ tí wọ́n ní níbẹ̀rẹ̀, mímọ́ tónítóní, wọ́n sì gbé àwo ìrántí kan síbẹ̀ tó ń sọ iṣẹ́ ribiribi tí wọ́n ṣe. Kò pé ọjọ́ kan. Wọn ò tiẹ̀ dá àwo náà sí, wọ́n fín pẹ́ńtì lu òun náà. Ẹ̀yin àgbà, mi ò fi ìyẹn halẹ̀ mọ́ yín o, mo kàn ń rán yín létí pé owó wà nínú ìwé yín.

Ògiri Lennon ní Prague, ní orílẹ̀-èdè Czech, ńkọ́? Lẹ́yìn tí wọ́n pa John Lennon, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1980 làwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé àti orin sára ẹ̀, ìjọba ìgbà yẹn ń fi funfun kùn ún, wọ́n ń padà wá, ìjọba ń kùn ún, wọ́n ń padà wá. Ní November 2014 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi funfun kun gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí i. Ariwo sọ pé wọ́n ti ba nǹkan jẹ́. Kò pẹ́ tó fi kún padà. Lọ́dún 2019, nígbà tí ìdọ̀tí àti ọtí àwọn arìnrìn-àjò sú àwọn tó ń gbé níbẹ̀, àwọn tó ni ògiri náà fòfin de pẹ́ńtì fínfín, wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì, pẹ́ńsù àti máákà nìkan ni. Èmi ò fẹ́ràn òfin yẹn púpọ̀, kí ni máákà fẹ́ ṣe lára ògiri, àmọ́ ẹ wò ó, àwọn náà tí wọ́n bínú, wọn ò ní kẹ́nì kankan má kọ nǹkan mọ́.

Ó ku ẹ̀dùn yín, torí mi ò ní ṣe bí ẹni pé ẹ ò rí nǹkan kan. Àwọn agolo tí wọ́n ń jù sílẹ̀ burú, òtítọ́ ni, ajá aládùúgbò wa kan tẹ ọ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀ pupa fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ gbé ike ìdọ̀tí kan tó ní ìdérí síbẹ̀, ọ̀kan péré, mo ti ń bẹ̀ yín fún ìyẹn láti ìgbà tí mo ṣì ń sọ pé kẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà wá. Ọ̀rọ̀ ìkórìíra tí wọ́n kọ sí i lóṣù tó kọjá náà ńkọ́, èyí tẹ́ ẹ fi fọ́tò ẹ̀ sínú ìwé yín? Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ o. Ilẹ̀ mọ́ láago mẹ́fà, obìnrin kan tó ń lọ síbi iṣẹ́ rí i, ó padà sílé, ó gbé funfun tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kun yàrá ọmọ ẹ̀, láago méje ààbọ̀ kò sí mọ́. Pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Òkúta tí pẹ́ńtì ò lè lẹ̀ mọ́ yẹn, tí ẹni burúkú bá fi nǹkan gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí i, kí ni obìnrin yẹn máa fi bò ó? Kámẹ́rà náà, ẹni tó fẹ́ kọ èébú máa de fìlà mọ́jú, ojú àwọn tó wá sunkún láago kan òru ló máa ká sílẹ̀ fún yín.

Ohun kan wà tí mi ò rí nínú ìwé yín rárá, òun ló sì bà mí lẹ́rù jù. Àwọn ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn tó ti dàgbà ju èmi lọ, ṣé ẹnikẹ́ni ti yẹ̀ wọ́n wò bóyá òjé, tó jẹ́ májèlé, wà nínú wọn? Pẹ́ńtì àtijọ́ máa ń ní òjé, Amẹ́ríkà gan-an ò fòfin dè é nínú pẹ́ńtì ilé títí di 1978. Níbi tó wà yẹn, tí àwọn ìlà tuntun bò ó mọ́lẹ̀, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ wá fẹ́ fi omi alágbára fọ́n ọn ká sórí koríko tí àwọn ọmọ ń jókòó sí. Ìyẹn nìkan tó kẹ́ ẹ dá iṣẹ́ náà dúró, ká tiẹ̀ ní ẹ ò gba gbogbo nǹkan míì tí mo sọ.

Tó bá jẹ́ ti kó má lọ já lu èèyàn ni, ẹ ní kí ẹnì kan tó mọṣẹ́ fọwọ́ yọ àwọn apá tó ti ń ṣí, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ohun ìbomú. Kẹ́ ẹ sì má kó wọn dànù. Ẹ gé ọ̀kan tó tóbi, ẹ dán ojú ẹ̀, ẹ fi sínú gíláàsì ní láíbìrì, owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe àwo yẹn á tó o. Ègé tèmi wà, mo yọ̀ǹda ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kí n rí i kà tán kó tó kúrò lọ́wọ́ mi, mo ṣì ń wá ibi tí dúdú kan ti wà tí píǹkì wà lórí ẹ̀ gan-an.

Lẹ́tà yìí ti gùn jù fún òkúta. Lálẹ́ Sátidé a máa gé e kúrú, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré la máa kọ, ẸMÁ HA Á (ẹni tó máa kọ ọ́ ló ní kí n so méjì pọ̀ kí pẹ́ńtì lè tó, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́). Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á, ẹ tètè wá láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe ìgbéyàwó ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wọ́n sì ti ra pẹ́ńtì.